Ìró "kọ̀ọ́" lẹ́yìn Caterham Seven mi: báwo lẹ ṣe ń tọ́jú tiyín?

Àkànbí_Kent · Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, òní ni màá kọ́kọ́ dá tèmi sílẹ̀.

Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ra Caterham Seven kan ní àlòkù. Ọdún 1999 ni ẹni tó kọ́kọ́ ni ín tò ó nínú gáréèjì ilé rẹ̀, láti inú páálí, bí wọ́n ṣe máa ń ta kit car: ṣásíì lọ́tọ̀, ẹ́ńjìnì lọ́tọ̀, bóòtù àti nọ́ọ̀tì nínú ọ̀rá. Rover K-series 1.6 ni ẹ́ńjìnì rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ti De Dion. Fún ẹni tí kò bá tíì rí irú rẹ̀ rí: kò ní ilẹ̀kùn gidi, aṣọ líle ni a ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò ní ABS tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì, kò ní airbag, kò sí ohun tó ń ran ọwọ́ lọ́wọ́ lórí sítíárìn. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 550 kílò lọ. Corolla tí ìyàwó mi ń wà ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí agbára ẹṣin 115 péré fi ń gbé e bí ẹyẹ.

Ohun tó mú mi wá ni pé láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ohun kan á dún lẹ́yìn ìdí mi: "kọ̀ọ́". Bí mo bá tún tẹ tọ́tù padà, á tún dún. Bí mo bá ń wà á lọ jẹ́jẹ́ láìyí ẹsẹ̀ padà, kẹ́kẹ́ pa. Mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì kan ládùúgbò mi. Wọ́n ní bí irú ọkọ̀ yìí ṣe máa ń dún nìyẹn, kí n máa lọ. Wọ́n tún bá mi fẹ́ táyà, láìjẹ́ pé mo ní kí wọ́n fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo ń bọ̀ nílé, ọkọ̀ kò dúró lójú ọ̀nà mọ́, ó ń ta kánkán bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo fi géèjì wọ̀n ọ́n, 32 psi, ìyẹn ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà, ni mo bá níbẹ̀.

Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gan-an. Mi ò fẹ́ gbé e fún ọwọ́ ẹlòmíì mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi.

Bàbá_Croydon · Ọjọ́ Àìkú, 9:25 alẹ́

Àkànbí, o káre tí o béèrè. Ohun àkọ́kọ́: má wà á mọ́ títí o fi máa mọ ohun tó ń dún. Nínú ọkọ̀ ńlá, rọ́bà àti kápẹ́ẹ̀tì pọ̀ tó lè bo ìró mọ́lẹ̀. Nínú Seven, ohun díẹ̀ ló di táyà ẹ̀yìn mú, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ti ń dún, ó ń sọ fún ọ pé òun ti ń rẹ̀.

Ohun tí o ṣàpèjúwe yẹn, tó ń dún nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò tàbí tó bá padà, ibi mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Èkíní ni búṣìn A-frame. Wo abẹ́ ọkọ̀: irin gbọọrọ kan so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, òun ni wọ́n ń pè ní De Dion. Lábẹ́ rẹ̀, irin mìíràn wà tó rí bíi lẹ́tà A. Ẹsẹ̀ A náà méjèèjì wà lára ṣásíì, orí rẹ̀ wọ àárín gbùngbùn De Dion, búṣìn rọ́bà kan ló sì wà níbi tí wọ́n ti pàdé. Búṣìn kan ṣoṣo yìí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ sún sọ́tùn-ún tàbí sósì, òun náà ló tún ń gba púpọ̀ nínú agbára tí táyà fi ń ti ọkọ̀ síwájú. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti ya, irin á máa gbá irin. Ìkejì ni àwọn bóòtù tó di dífù, ìyẹn gíà ẹ̀yìn tó ń pín agbára fún táyà, mọ́ ṣásíì. Ìkẹta ni bóòtù ṣáàfù.

Bí o ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò: gbé e sórí sítáǹdì irin mẹ́rin lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan, mo bẹ̀ ọ́. Ọkọ̀ yìí fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fúyẹ́ tó kí àyà èèyàn gbé e. Fi irin gígùn kan sáàárín orí A-frame àti De Dion, kí o rọra gbé e sókè sódò. Bí ó bá ń lọ tó ń bọ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ, o ti rí i.

Títílayọ̀_Leeds · Ọjọ́ Àìkú, 10:02 alẹ́

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, ọkọ̀ á tọ́jọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ táyà, torí inú bí mi nígbà tí mo kà á. 32 psi jẹ́ ti ọkọ̀ tó wúwo. Nǹkan bíi 18 sí 20 psi, nígbà tí táyà bá tutù, ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ní irú ọkọ̀ yìí ń lò. Ìwọ̀n ọkọ̀ yìí kò tó láti tẹ táyà tó kún bámú mọ́lẹ̀, nítorí náà àárín táyà nìkan ló máa ń kan ilẹ̀. Lọ́jọ́ òjò, ẹ̀rù ni. Ẹ ra géèjì tó dára tí ẹ ó máa lò nìkan. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni, kódà fún MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún níbí, ẹ kọ ìwọ̀n táyà sára bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ sítíárìn.

Tèmi kì í ṣe Caterham. Èmi tò tèmi láti ara Mazda MX-5 àtijọ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ irú MX-5 bẹ́ẹ̀ máa ń dípẹtà títí yóò fi já, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnì, gíà àti dífù rẹ̀ á ṣì le koko. Mo ra a torí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọdún méjì àbọ̀ ni mo fi tò ó, ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn.

Múfú_Ládípọ̀ · Ọjọ́ Ajé, 6:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Mẹkáníìkì ni mí ní Mushin níbí, ìtòsí ọjà Ládípọ̀. Ọkọ̀ tó ti parí ni wọ́n ń gbé wá bá wa, mi ò tíì rí èyí tí olówó rẹ̀ tò fúnra rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú láti kà á. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Àkọ́kọ́, ta ló ń yẹ iṣẹ́ ọwọ́ yín wò kí ẹ tó gbé e bọ́ sí títì? Ìkejì, kí ló dé tí ilé iṣẹ́ tó mọ ọkọ̀ ṣe á fi máa ta egungun rẹ̀ fún èèyàn, tí kò ní tò ó tán?

Bàbá_Croydon · Ọjọ́ Ajé, 7:30 àárọ̀

Múfú, o ṣeun. Jẹ́ kí n dáhùn ìkejì, Títí á dáhùn àkọ́kọ́ torí ara rẹ̀ ló ti rí i.

Owó orí ló bí i. Ọdún 1957 ni Colin Chapman, tó dá Lotus sílẹ̀, gbé Seven jáde. Nígbà náà, owó orí gọbọi wà lórí ọkọ̀ tuntun tó ti parí ní Britain. Ẹni tó bá ra ẹ̀yà ara rẹ̀ tó sì lọ tò ó nílé kò ní san án. Ọ̀dọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tó ní sípánà, ìyẹn ni Chapman ń tà á fún. Ìgbàgbọ́ Chapman ni pé dípò kí o máa wá ẹ́ńjìnì tó lágbára sí i, yọ ohun tí ọkọ̀ kò nílò kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí VAT dé ní 1973, àǹfààní owó orí yẹn lọ. Ọdún yẹn náà ni Caterham Cars, lábẹ́ Graham Nearn, gba ẹ̀tọ́ ṣíṣe Seven lọ́wọ́ Lotus. Caterham ní Surrey ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni orúkọ náà ṣe bá a. Dartford ni wọ́n wà báyìí.

Owó orí ti lọ, àwọn èèyàn ṣì ń tò ó. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ di gbogbo bóòtù mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Tèmi àkọ́kọ́, 1986 ni mo ti ní in, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì Ford crossflow àti kábúrétọ̀ Weber. Títí dòní, bí mo bá di ojú, mo lè ka bóòtù rẹ̀ fún ọ láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Títílayọ̀_Leeds · Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣé. Bọ̀dá Múfú, ìjọba ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. IVA ni wọ́n ń pè é, ó rọ́pò àyẹ̀wò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní SVA ní 2009. Ẹ ó gbé ọkọ̀ lọ, wọn á yẹ bíréèkì, iná, èéfín, dígí, ariwo sàlẹ́ńsà, ìgbànú ìjókòó, gbogbo rẹ̀ pátá. Ohun tó gbá mi lulẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ́ńjìnì o, etí irin ni. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 100 mm. Ibikíbi tí bọ́ọ̀lù yẹn bá lè kàn lára òde ọkọ̀, etí ibẹ̀ gbọ́dọ̀ yípo tó 2.5 mm ó kéré tán, kó má baà ge ẹni tí ọkọ̀ bá gbá. Irin pẹlẹbẹ tó gbé iná iwájú mi dúró kò yípo tó. Mo padà sílé, mo fi fáìlì rẹ́ ẹ fún ọjọ́ méjì, mo fi ìka mi tọ gbogbo etí ọkọ̀ náà bí ẹni ń tọ orí ọmọ tuntun. Nígbà kejì, wọ́n fún mi ní ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹni tó bá fẹ́ tò: ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Bí ẹ kò bá lè fi ibi tí àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ ti wá hàn, nọ́ḿbà ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà Q ni wọn á fún yín. Kò burú, ọkọ̀ á rìn, ṣùgbọ́n ó máa ń dín owó tí ẹ ó tà á kù.

Múfú_Ládípọ̀ · Ọjọ́ Ajé, 1:48 ọ̀sán

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Irú ọkọ̀ yìí á lè rìn ní Èkó bí?

Bàbá_Croydon · Ọjọ́ Ajé, 2:20 ọ̀sán

Ní ààrọ̀ Sunday lórí Third Mainland, bẹ́ẹ̀ ni. Kó tó dé orí afárá ni wàhálà wà. Ikùn ẹ́ńjìnì rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀ gan-an, bọ́ḿpù àdúgbò lásán lè fọ́ ọ. Àwọn tiwa níbí sì ní sítíárìn lọ́wọ́ ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, 1972 ni Nàìjíríà ti bọ́ sí apá ọ̀tún títì. Èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Yúróòpù, tó ní sítíárìn lọ́wọ́ òsì, lèèyàn ì bá wá.

Akin_Sigma · Ọjọ́ Ajé, 8:05 alẹ́

Ẹ kú alẹ́. Tèmi ní ẹ́ńjìnì Ford Sigma, nítorí náà mi ò ní irú àníyàn tí ẹ̀yin oní-K-series ní. Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ wo omi rèdíétọ̀ yín. K-series kì í gba omi púpọ̀, díẹ̀ tó bá dín kù níbẹ̀ kì í ṣe díẹ̀. Ẹ́ńjìnì tó dára ni, ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í gba àṣìṣe. Bí ẹ bá rí omi tó ń dín kù tí ilẹ̀ kò sì tutù lábẹ́ ọkọ̀, ẹ má dúró dìgbà tí yóò gbóná jù. Rover fúnra rẹ̀ wó ní 2005, ẹ́ńjìnì yẹn kò sí lórí igbá mọ́. Ẹ tọ́jú èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Èyí tí mo máa ń ṣe lóṣooṣù ni pé mo máa ń yẹ nọ́ọ̀tì wò. Ọkọ̀ yìí le, ó ń gbọ̀n, ohun tó ń gbọ̀n sì ń tú nọ́ọ̀tì. Bí mo bá ti fi torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń di nọ́ọ̀tì, dì í dé ìwọ̀n tí ìwé ìtòpọ̀ sọ, mo máa ń fi ọ̀dà ofeefee fa ìlà tín-ín-rín kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Bí ìlà yẹn bá ti ya sí méjì, nọ́ọ̀tì ti yí. Èèyàn kàn máa fi tọ́ọ̀ṣì wò ó ni, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó parí.

Nípa búṣìn, bó bá jẹ́ òun ni, ẹ fi polyurethane, irú pílásítíìkì kan tó le ju rọ́bà lọ, sí i. Ó ń pẹ́ ju rọ́bà lọ.

Bàbá_Croydon · Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Akin, mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí ìlà ọ̀dà, gbogbo èèyàn ló yẹ kó máa ṣe é. Lórí polyurethane, n kò gbà. Búṣìn orí A-frame kì í yí sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí táyà kan bá gun òkè tí ìkejì sì wà nílẹ̀, De Dion á dagun, búṣìn yẹn gbọ́dọ̀ lọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Rọ́bà mọ bí wọ́n ṣe ń lọ́. Ohun tó le jù á kọ̀, agbára tó kọ̀ yẹn á sì lọ sára irin. Ó wù mí kí n pààrọ̀ rọ́bà lẹ́ẹ̀mejì ju kí n fi iná wẹ́dà jó ṣásíì lẹ́ẹ̀kan lọ.

Àkànbí_Kent · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:10 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti dé pẹ̀lú ìròyìn.

Búṣìn A-frame ni! Mo gbé ọkọ̀ sórí sítáǹdì mẹ́rin bí Bàbá ṣe wí, mo fi irin gígùn gbé orí A-frame, ó sì fò sókè. Rọ́bà ti já kúrò lára páìpù àárín rẹ̀ yípo yípo. Bóòtù dífù dúró gbọn-in, ti ṣáàfù náà dúró. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì àdúgbò mi ní bí ọkọ̀ ṣe máa ń dún nìyẹn.

Ibi tí mo ti jìyà ni yíyọ rẹ̀. Bóòtù gígùn tó gba àárín búṣìn kọjá ti lẹ̀ mọ́ páìpù inú rẹ̀. Bí mo bá fi sípánà yí i, gbogbo búṣìn ló ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Láago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa di aago kan mi ò tíì gbé e kúrò lójú kan. Mo wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ké sí Bọ̀dá Múfú. Ẹ gbà mí láyè kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí níwájú gbogbo yín. Ó dá iṣẹ́ dúró ní Mushin, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ lórí fídíò fún ìṣẹ́jú ogójì. Ó ní kí n má lù ú mọ́, pé etí bóòtù á fẹ̀, kò sì ní jáde títí ayé. Ó ní kí n má fi iná sún un nítorí táǹkì epo tó wà nítòsí. Ó ní kí n mú ayùn irin, kí n yọ eyín rẹ̀ kúrò nínú férémù, kí n fi aṣọ wé ìdí rẹ̀, kí n sì gé bóòtù náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láàárín búṣìn àti irin. Wákàtí méjì. Ó já.

Búṣìn tuntun ti wọlé, rọ́bà ni. Bóòtù tuntun, mo fi gírísì bàbà pa á láti ìdí dé orí kó má baà tún lẹ̀. Mo fi torque wrench dì í lẹ́yìn tí mo gbé ọkọ̀ sọ̀ sílẹ̀ lórí táyà, kí rọ́bà má baà wà ní lílọ́ nígbà tó bá dúró jẹ́jẹ́. Mo fa ìlà ofeefee, táyà sì ti padà sí 18 psi. Mo wà á lọ títí dé òkè Wrotham, mo tẹ tọ́tù, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, mo tún tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnì, mo jókòó níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lábẹ́ rẹ̀, mo rí ohun mìíràn. Nítòsí ibi tí ẹsẹ̀ A-frame ti wọ ṣásíì, ọ̀dà ti wú ní ibi méjì. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ìpẹtà ló wà nísàlẹ̀. Níbi tí álúmíníọ́mù ẹ̀gbẹ́ ti kan irin ṣásíì, ẹ̀tù funfun ti ń jáde láti ìdí rífẹ́ẹ̀tì. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Bàbá_Croydon · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:55 alẹ́

Ògún ṣé o! O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Múfú, ìwọ náà kú iṣẹ́.

Kò tíì bàjẹ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ìgbà yìí gan-an ló yẹ kí o mú un. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì ní ìgbà òtútù ló fà á. Òkúta kékeré á ta ba ọ̀dà, omi iyọ̀ á gba ojú ihò yẹn wọ abẹ́ ọ̀dà, á sì máa jẹ irin lọ láìjẹ́ kí o rí i. Ẹ̀tù funfun yẹn, álúmíníọ́mù àti irin ni kì í jọ gbé nínú omi iyọ̀. Álúmíníọ́mù ló máa ń kọ́kọ́ kú.

Ha gbogbo ọ̀dà tó wú kúrò títí o fi máa rí irin tó ń dán. Kun ọ̀dà ìdènà ìpẹtà, lẹ́yìn náà kun dúdú sí i lórí. Níbi rífẹ́ẹ̀tì, fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi lásán, jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí o fín òróró ìda sí i láti inú kó lè wọ àárín irin méjèèjì. Bí o bá wà á nígbà òtútù, fi omi fọ abẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó má di ọ̀la. Àwọn kan máa ń gbé tiwọn pamọ́ láti oṣù kọkànlá títí iyọ̀ fi máa lọ. Èmi máa ń wà á, torí ọkọ̀ tó dúró náà ń bàjẹ́: bátìrì á kú nítorí ohun ìdáàbòbò olè tó ń fa iná díẹ̀díẹ̀, bíréèkì á lẹ̀. Bó bá máa dúró, fi ṣájà kékeré sí i. Pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì lọ́dọọdún bó tilẹ̀ jẹ́ pé máìlì díẹ̀ lo rìn, kí o sì pààrọ̀ omi bíréèkì lọ́dún méjì méjì, torí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra.

Nísinsìnyí tí o ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó yẹ kí a tún ìdúró ọkọ̀ náà wọ̀n, bí ìwúwo rẹ̀ ṣe pín sórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní òṣùwọ̀n mẹ́rin, ọ̀kan fún táyà kọ̀ọ̀kan. Kílò mélòó ni ọ́?

Àkànbí_Kent · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:12 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. 92 ni mí, pẹ̀lú bàtà.

Bàbá_Croydon · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:20 alẹ́

Ìwọ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́fà ọkọ̀ náà, nítorí náà ìwọ̀n tí wọ́n bá ṣe láìsí ọ nínú rẹ̀ kò wúlò. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá jókòó sórí ìjókòó, tí èmi á máa yí sípíríǹgì. Wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá. Má jẹun yó kó o tó wá o, ìyàwó mi á se iyán lẹ́yìn tí a bá wọ̀n ọ́n tán. Títí, bí ọkọ̀ tìẹ bá ti ní nọ́ḿbà, ìwọ náà gbé e bọ̀.

Títílayọ̀_Leeds · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:31 alẹ́

Mò ń bọ̀, Bàbá. Máìlì tó lé ní 200 ni. Màá mú aṣọ òjò dání.

Múfú_Ládípọ̀ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:04 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, inú mi dùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ju búṣìn tó já yẹn nù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú ibi tí ẹ ti gé bóòtù. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ mi, mo fẹ́ kí wọ́n rí i.

Àkànbí_Kent · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:10 alẹ́

Orí tábìlì ló wà níbí. Ilẹ̀ á mọ́, màá gbé e síta kí oòrùn lè tàn sí i, kí wọ́n lè rí ibi tí rọ́bà ti já dáadáa.